Átọ́ọ̀mù hàn, ìdè kò hàn: kí ni kí n ṣe sí fáìlì yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ni mí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ètò ìṣirò kan tí àwọn ọ̀gá wa fi Fortran (èdè kọ̀ǹpútà kan) kọ ni a ń lò, àmọ́ àbájáde rẹ̀ kì í ṣí nínú Jmol, sọ́fúwíà tó ń fi àwòrán mólékù hàn. Mo da àwọn nọ́ńbà rẹ̀ kọ sínú fáìlì XYZ. Àwọn átọ́ọ̀mù hàn, ṣùgbọ́n ìdè kankan kò so wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń lò lè ka fáìlì wa. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àgbowó)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú akitiyan. Átọ́ọ̀mù tí kò ní ìdè tí o rí yẹn ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn. Ó jọ pé bohr ni ètò yín fi ń wọn nǹkan, angstrom sì ni Jmol ń retí; òṣùwọ̀n gígùn ni méjèèjì. Bohr 1 kò ju angstrom 0.529 lọ. Fáìlì XYZ kì í sọ ìdè rárá: iye átọ́ọ̀mù ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, àkíyèsí ní ìkejì, lẹ́yìn náà àmì átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà 3 tó sọ ibi tó wà. Jmol fúnra rẹ̀ ló ń wò ó bóyá átọ́ọ̀mù 2 súnmọ́ra tó, kó tó fa ìdè sáàárín wọn. Káríbọ̀nù 2 tó yẹ kí àlàfo wọn jẹ́ 1.54 ti di 2.91 lójú rẹ̀, ló bá fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹni tí kò mọra. Ẹni tó ní òun ra gàrí 3 ní Bódìjà kò tíì sọ nǹkan kan, àfi tó bá sọ bóyá kóńgò ni tàbí àpò.

Nítorí náà, má tíì kọ kóòdù kankan. Fi omi lásán dán ètò náà wò. Láti ọ́síjìn sí háídírójìn, nǹkan bí angstrom 0.96 ni. Tí o bá ṣírò rẹ̀ láti inú fáìlì yín, tí o rí 1.81, bohr ni.

Fortran tún ní ìṣòro 2 tó ń yọ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu gan-an. Ó lè kọ 1.5D+01, Python (èdè kọ̀ǹpútà mìíràn) kò sì ní gbà á, àfi kí o sọ D yẹn di E. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: nọ́ńbà lè lẹ̀ mọ́ra, bíi -10.123456-11.234567, nítorí pé ààyè tí a yà sọ́tọ̀ fún un ti kún. Irú èyí gba odidi ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi rí: fáìlì kékeré ń ṣí dáadáa, fáìlì ńlá ló ń kọ̀. Má ṣe fi àlàfo gé ìlà. Ipò lẹ́tà ni kí o fi gé e. Bí fáìlì PDB, tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrísí mólékù bíi purotéènì, ṣe ń ṣe nìyẹn láti ayébáyé: ipò 31 sí 38 ni x, 39 sí 46 ni y, 47 sí 54 ni z.

Ètò tiyín ni, ẹ ò ṣe bẹ ọ̀gá yín kó máa kọ XYZ jáde ní tààrà? Kó sì kọ orúkọ ètò náà àti òṣùwọ̀n tó lò sí ìlà àkọ́kọ́ àbájáde tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti XYZ, nítorí iye átọ́ọ̀mù ló ni ìlà àkọ́kọ́ tibẹ̀. Ìlà yẹn ṣe pàtàkì: inú fáìlì ni Jmol ń wò kó tó mọ irú èyí tó jẹ́. Tí àmì tí o ní kí sọ́fúwíà fi dá fáìlì yín mọ̀ bá gbòòrò jù, yóò máa ka fáìlì ẹlòmíràn sí tiyín, àwọn tó ń bójú tó sọ́fúwíà náà kò sì ní gbà á wọlé.

Fún àwọn àbájáde àtijọ́, Open Babel, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tó ń yí fáìlì mólékù láti irú kan sí òmíràn, ni mo rò pé ó yẹ kí o kọ́ láti ka fáìlì yín, kì í ṣe Jmol. Avogadro 2, sọ́fúwíà mìíràn tó ń fi mólékù hàn, ń tipasẹ̀ rẹ̀ ka ọ̀pọ̀ fáìlì, Open Babel sì lè yí tìrẹ padà sí XYZ fún Jmol. Èdè C++ ni wọ́n fi kọ Open Babel. Ṣí xyzformat.cpp nínú src/formats, kà á títí yóò fi yé ọ, kí o wá ṣe tìrẹ bíi tirẹ̀; inú ReadMolecule, apá tó ń ka fáìlì, ni gbogbo iṣẹ́ wà. Fi àṣẹ git clone --depth 1, tó ń gba ẹ̀dà tuntun nìkan láìgba ìtàn rẹ̀, gba kóòdù náà, kí dátà má baà tán mọ́ ọ lọ́wọ́.

Fi fáìlì ìdánwò kéékèèké 3 tẹ̀ lé e: ti omi; èyí tí mólékù ti yí ipò padà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ipò ìkẹyìn ni ẹni tó ṣí i sábà ń wá; àti èyí tí iná lọ láàárín iṣẹ́, tí kò parí. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ níbí. Kí kóòdù rẹ sọ pé fáìlì kò pé, kó má kàn kú. Má sì fi mólékù tí ọ̀gá yín kò tíì tẹ̀ jáde ṣe ìdánwò ní gbangba láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.