Ṣé olè ni Damian Marley jà nígbà tó lo ìlù Ini Kamoze?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin “World-A-Music” tí Ini Kamoze, olórin rẹ́gè ará Jàmáíkà, gbé jáde ní 1984 ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí mi létí ni, ẹnu sì yà mí. Ìlù ibẹ̀, báàsì ibẹ̀, títí dórí ohùn tó ń ké níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú “Welcome to Jamrock” ti Damian Marley, ọmọ Bob Marley. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi orin kún ilé fún, kí ló tún ń wá lápò olórin mìíràn? Ṣé wọn kì í pe irú rẹ̀ ní olè ní Jàmáíkà ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, etí rẹ mú gan-an ni. Ìlù kan náà ni. Sly Dunbar ló lù ú, Robbie Shakespeare ló ta báàsì rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì bá Kamoze ṣe orin náà jáde. Ogún ọdún lé díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, Damian àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Stephen, tún gbé e wá síta, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tuntun lé e lórí. Wọn kì í pè é ní olè níbẹ̀. Àṣà ni, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń dá a. Riddim ni wọ́n ń pè é.

Báàsì àti ìlù ni òpó riddim. Gìtá àti dùùrù lè bá a rìn, ṣùgbọ́n ohùn akọrin kò sí lára rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà á sì mọ́ ọn lára: Stalag, Real Rock, Sleng Teng. Bó bá ti lórúkọ báyìí, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lè gùn ún. Láti àwọn ọdún 1970 ni Stalag ti wà. Sister Nancy kọrin lé e lórí ní 1982, Tenor Saw náà kọ tirẹ̀ lé e ní 1985, àwọn méjèèjì sì di ìlú mọ̀ ọ́n ká. Àwọn olólùfẹ́ wọn ò bá wọn du ìlù. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni pé ta ló gùn ún jù.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní nǹkan bí 1967, ọkùnrin kan wà ní Spanish Town tó ń jẹ́ Ruddy Redwood. Ó ní ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńláńlá tí wọ́n fi ń jó níta gbangba. Ó lọ gba àwo tuntun ní sítúdíò Duke Reid tó ń ṣe àwo jáde, ẹni tó ń gé àwo náà sì gbàgbé láti fi ohùn akọrin sí i. Redwood ò dá a padà. Ó gbé e lọ sóde ijó, ó kọ́kọ́ fi èyí tó lóhùn sí i, lẹ́yìn náà ló fi èyí tí kò lóhùn, ni gbogbo èrò bá fi ẹnu ara wọn kọ orin náà. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe àwo fi ń fi ìlù tí kò lóhùn sí ẹ̀yìn àwo, tí orin gangan á wà níwájú. Ẹ̀yìn àwo yìí ni àwọn bíi U-Roy gbà wọlé. Ní 1970, U-Roy ń sọ̀rọ̀, ó ń fi gbólóhùn ṣeré lórí ìlù orin tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀, gbogbo erékùṣù náà sì ń tẹ̀ lé e.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní deejay ní Jàmáíkà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń fi àwo sí i níbi ìnáwó ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ lé ìlù ni. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé akọrin ni Bob Marley, deejay ni Damian ọmọ rẹ̀. Ìlà iṣẹ́ tó yàn kọ́ ni èyí tí bàbá rẹ̀ ṣe. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, orí ìlù tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ronú sí oríkì. Bí akígbe bá ki ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín lóde, ìlà tí ìyá àgbà ilé náà ti mọ̀ kó tó lọ́kọ ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó jalè. Ibi tó bá gbé e gbà, ẹni tó bá fi kún un, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tó bá dà mọ́ ọn, tìtorí ìyẹn ni wọ́n á ṣe náwó fún un.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ibi tó ń dunni pa mọ́. Owó náà wà lára ohun tó bí àṣà yìí. Ẹni tó ń ṣe àwo á sanwó fún àwọn onílù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá lo iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún olórin mẹ́wàá, ogún, láì tún yọ kọ́bọ̀ fún wọn. 1993 ni Jàmáíkà tó ṣòfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ. Àwọn tó ta báàsì tí gbogbo ayé ń jó sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí èrè rẹ̀ jẹ. Bí a bá máa pe nǹkan kan lólè nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ò rí i lára ọmọ tó tún ìlù náà lò. Ara ẹni tó jókòó ti owó ni mo ti rí i.

Ní ti Damian fúnra rẹ̀, ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1978 ni wọ́n bí i ní Kingston. Ìyá rẹ̀ ni Cindy Breakspeare, ẹni tó gba adé obìnrin tó rẹwà jù lágbàáyé ní 1976. Nígbà tí Bob kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1981, Damian ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Má ṣe rò pé bàbá rẹ̀ ló jókòó kọ́ ọ lórin. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nídìí orin: Ziggy, Stephen, Cedella àti Sharon tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ Melody Makers. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí òun àti àwọn ọmọ olórin mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Shephards. Stephen ló sì wà nídìí àwọn àwo rẹ̀ bó ṣe dàgbà. Orúkọ Junior Gong tó ń jẹ́, ti bàbá rẹ̀ ni, nítorí Tuff Gong ni wọ́n ń pe Bob. Leonard Howell, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn Rásítá ní àwọn ọdún 1930, sì ti jẹ́ Gong ṣáájú àwọn méjèèjì.

Àwo rẹ̀ ti 2001, Halfway Tree, gba ẹ̀bùn Grammy. Àdúgbò kan ní Kingston ni Half Way Tree, láàárín apá ọlọ́rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ti wá àti apá mẹ̀kúnnù tí bàbá rẹ̀ gbé. Orúkọ yẹn bá a mu púpọ̀. Síbẹ̀, 2005 ni ayé tó mọ̀ ọ́n dáadáa, orí ìlù Kamoze yìí sì ni. Ó sọ̀rọ̀ ìbọn, ebi àti òṣèlú tí àwọn àlejò tó wá gbafẹ́ létíkun kì í rí. Àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ Welcome to Jamrock bákan náà, gba Grammy rẹ́gè, orin náà gan-an sì tún gba òmíràn lọ́tọ̀, ní ìsọ̀rí tí kì í ṣe ti rẹ́gè.

O béèrè pé kí ló dé tí kò lo ti bàbá rẹ̀. Ó lò ó. Nínú àwo kan náà, orí “Exodus” ti Bob ló gbé orin “Move!” kà. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù ẹlòmíràn ló jẹ́ ká gbọ́ Damian fúnra rẹ̀, láìsí òjìji Bob lórí rẹ̀. Wo ohun kan sí i: ó fi ohùn Kamoze sílẹ̀ nínú orin náà. Olè a máa pa àmì ẹni tó ni nǹkan rẹ́. Òun fi onílé hàn.

Kamoze náà ò sì ní lè bínú sí àṣà yìí. “Here Comes the Hotstepper” tirẹ̀ tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1994, orí ìlù orin Taana Gardner, akọrinbìnrin ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kà.

Tó o bá ráyè, wá àwo Distant Relatives ti 2010, tí Damian àti Nas, olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà, jọ ṣe. Wàá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Mulatu Astatke ará Etiópíà nínú orin àkọ́kọ́, wàá sì gbọ́ ohùn Amadou àti Mariam ti Málì nínú èyí tí wọ́n pè ní “Patience”. Kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn wọ̀nyẹn ná, kó o tó gbọ́ ohun tí Damian fi lé e.