Kí ni ìtumọ̀ "ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́", báwo ni a sì ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀?

Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni ìfẹ́ tó kọjá ààlà, tó ń ti èèyàn sí ohun tí kò yẹ. Inú "ìfẹ́" la ti fà á yọ: a pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, a fi àfòmọ́ àárín "kí", ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ kékeré, sáàárín méjèèjì, èyí tó di "kú" níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọkọ́mọ àti ìwàkíwà. Irú ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ "èyíkéyìí", ó sì lè jẹ́ "èyí tí kò dáa". Tí ìyá bá ní, "Má jẹ oúnjẹkóúnjẹ níta o," méjèèjì ló wà níbẹ̀. Nínú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ti burúkú ló borí. Lójú tèmi, Bíbélì ló mú un rinlẹ̀ jù: "ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ojú" (1 Jòhánù 2:16). Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí ọkàn ń fà sí ni ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sílé kò ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ o. Àárò ilé ló ń sọ ọ́.