Ọmọ mi fẹ́ gba kíláàsì àwòrán àti ìtàn iṣẹ́ ọnà: ṣé kí n gbà fún un?

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti la ibi yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Maryland la wà. Ọmọbìnrin mi máa wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lóṣù tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì ló ní òun fẹ́ ṣe. Àfi bó ṣe sọ lánàá pé òun ti forúkọ sílẹ̀ fún àwòrán yíyà àti ìtàn iṣẹ́ ọnà. Bàbá rẹ̀ ní owó tí a fẹ́ san kì í ṣe owó eré. Ṣé kí n ní kó yọ wọ́n ni?

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Chicago lèmi wà, ọmọkùnrin mi sì ti gba kíláàsì méjèèjì. Ẹ má ní kó yọ wọ́n. Kó ṣáà má kó méjèèjì pọ̀ mọ́ kẹ́mísírì ní sáà kan ṣoṣo, torí irú ibẹ̀ lèmi ti ṣìṣe.

Kírẹ́díìtì 3 (ìwọ̀n tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń ka iṣẹ́ kíláàsì) ni wọ́n sábà máa ń kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn ò wúwo bákan náà. Ìtàn iṣẹ́ ọnà máa ń gba bíi wákàtí 3 lọ́sẹ̀ ní kíláàsì. Àwòrán yíyà sábà máa ń tó wákàtí 6, iṣẹ́ àmúrelé ò sí nínú ìyẹn o. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ mi sọ́nà nílé ìwé kò sọ èyí fún wa. Ọmọ náà gba àwòrán yíyà pọ̀ mọ́ bàọ́lọ́jì tó ní làábù. Bí mo bá jí ní aago 2 òru, màá bá a nílẹ̀, èédú tí wọ́n fi ń yàwòrán ti kun ọwọ́ rẹ̀ dúdú, tó ń ya àga ilé ìdáná. Mo ṣe bí eré ló ń ṣe, mo bá a wí gan-an. Máàkì bàọ́lọ́jì rẹ̀ wálẹ̀ ní sáà yẹn. Ó ṣì ń dùn mí pé ìbáwí ni mo kọ́kọ́ bá wọlé, mi ò bi í pé kí ló ń ṣe.

Nígbà tí mo wá bi í, ó fi hàn mí. Akẹ́kọ̀ọ́ á na apá, á di ojú kan, á fi pẹ́ńsù wo bí ẹsẹ̀ àga ṣe gùn tó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn olùkọ́ á ní kí wọ́n fi àga sílẹ̀, kí wọ́n ya àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ nílé: ẹ ó rí i pé ohun tí a rò pé a mọ̀ la máa ń yà, kì í ṣe ohun tójú ń rí. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á gbé e kọ́ ògiri, olùkọ́ àtàwọn ẹgbẹ́ á máa sọ ibi tó kù sí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọmọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí sáà fi parí, ó ti ń dúró gbọ́ ọ láì fapá jánú.

Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ní Yunifásítì Yale, láti nǹkan bí ọdún 1998, wọ́n ti ń kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ síwájú àwòrán, kí wọ́n tẹjú mọ́ ọn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rò. Nítorí aláìsàn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ló sì ń wà lọ́dọ̀ aláìsàn ju dókítà lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ọmọ mi pè mí sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀: “Dádì, ṣé Ìkẹ́rẹ́ jìnnà sí ìlú yín?” Èkìtì ni mí. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín ọdún 1910 sí 1914 ló wà níwájú rẹ̀. Òpó náà gan-an sì wà ní Art Institute, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Chicago níbí. Láti ọjọ́ pípẹ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí, mi ò mọ̀.

A lọ wò ó. Ọba jókòó, ẹyẹ wà lórí adé rẹ̀, olorì àgbà dúró lẹ́yìn, ó ga jù ú lọ. Olùkọ́ ti bi wọ́n pé kí ló dé tí obìnrin fi tóbi ju ọba. Ọmọ mi kọ ọ́ pé bóyá agbẹ́gilére ló ṣàṣìṣe. Mo ní rárá, obìnrin yẹn lọ́wọ́ nínú adé tó wà lórí ọba, òun ló dúró tì í. Wọ́n ti gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, pé ó ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni ń gbẹ́ igbá. Ṣé irú ọwọ́ yẹn ni kò ní mọ bí obìnrin ṣe yẹ kó ga tó? Ọmọ náà lọ wá ìwé kún un ní láíbìrì (olùkọ́ ò ní gba “bàbá mi ló sọ”), ó tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ.

Kí ọmọ yín béèrè ní ẹ̀ka nọ́ọ̀sì bóyá kíláàsì ìtàn náà wà lára àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn láti fi kún ohun tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà. Ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Kó gbà á ní sáà àkọ́kọ́, kó fi àwòrán sí sáà tí kò sí làábù. Ẹ má tíì ra bébà tàbí èédú títí olùkọ́ yóò fi sọ èyí tó fẹ́.

Maryland sì sún mọ́ Washington. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ National Museum of African Art. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ abọ́ kan tó wà lọ́wọ́ wọn: láàárín àwọn ère tó gbé abọ́ náà, ó gbẹ́ orí èèyàn kan tó ń yí gbirigbiri, tí kò sì ṣeé yọ jáde. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n gbé e síta lọ́wọ́. Ẹ mú bàbá rẹ̀ dání, kí ọmọ náà bi í pé báwo lorí yẹn ṣe débẹ̀.