Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa: Nígbà tí Photoshop Bá Ní Àyè Ti Kún

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan ní Ìkéré-Èkìtì

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ìgbéyàwó kan ni mò ń tún ṣe nínú Photoshop tí ó fi ṣàdédé kọ ọ́ síwájú mi pé òun kò lè parí iṣẹ́ tí mo bẹ òun nítorí pé scratch disks ti kún. Mo pa fọ́tò ìsìnkú àgbà méjì tí mo ti yà tipẹ́ rẹ́ lórí díìsìkì D kí àyè lè ṣí, síbẹ̀ ohun kan náà ni ó ń wí. Ṣé kí n máa pa ìyókù rẹ́ ni, àbí kí n lọ ra kọ̀ǹpútà mìíràn?

Ìdáhùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ẹyọ kan rẹ́ mọ́. Kí ẹ tó ka ohun mìíràn nínú ìdáhùn yìí, ẹ ṣí Recycle Bin, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì tí a pa rẹ́ sí, kí ẹ wò ó bóyá fọ́tò ìsìnkú méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ sì dá wọn padà sí ààyè wọn, nítorí òkú tí a ti sin, kò sí bí a ṣe lè tún ìsìnkú rẹ̀ yà. Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé fáìlì tí ó wà nínú Recycle Bin ṣì ń gba àyè lórí díìsìkì, nítorí náà pípa tí ẹ pa wọ́n rẹ́ lè má tíì dá àyè kankan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sì ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ D ni Photoshop ń ráhùn lé lórí rárá.

Ẹ wo yàrá aránṣọ. Tábìlì tí ó ń gé aṣọ lórí rẹ̀ ni mẹ́mọ́rì tí a ń pè ní RAM. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju tábìlì lọ, yóò tẹ́ ẹní sílẹ̀, yóò sì kó èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn sórí ẹní náà; ẹní yìí ni scratch disk. Àwọn àpótí tí ó kó aṣọ oníbàárà sí ni àwọn fáìlì yín. Bí àpótí bá kún inú yàrá dé ẹnu ọ̀nà, ẹní kò ní rí ibi tẹ́ sí, iṣẹ́ yóò sì dúró, bí ó ti wù kí tábìlì fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n àpótí tí ẹ gbé kúrò ní yàrá kejì kò lè ṣí àyè fún ẹní tí a fẹ́ tẹ́ sí yàrá kìíní, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an nìyẹn.

Ẹ lọ sí Edit, lẹ́yìn náà Preferences, kí ẹ wá tẹ Scratch Disks. Ẹ ó rí àwọn díìsìkì tí ó wà lára kọ̀ǹpútà yín, àyè tí ó ṣẹ́kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àmì lára èyí tí Photoshop ń lò. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà rí, díìsìkì tí Windows wà lórí rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ C, ni ẹ ó bá àmì náà lára rẹ̀. Bí D bá ní àyè tó pọ̀, ẹ fi àmì sí i, ẹ gbé e ga ju C lọ, kí ẹ pa Photoshop, kí ẹ sì tún un ṣí. Bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ ṣí mọ́, ẹ di Ctrl àti Alt mú pọ̀ ní kété tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, yóò sì jẹ́ kí ẹ yan díìsìkì mìíràn. Ẹni tí ó bá ń lo Mac yóò di Command àti Option mú.

Ohun kejì ni ó ń dùn mí jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ iná ni ó wà nídìí rẹ̀. Bí Photoshop bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń dá fáìlì ńlá kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Photoshop Temp pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn orúkọ náà, bí ẹ bá sì pa Photoshop bí ó ti yẹ, òun fúnra rẹ̀ yóò palẹ̀ fáìlì náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, tí kọ̀ǹpútà sì kú fin-ín, fáìlì náà lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìsọ̀ fọ́tò rẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, a sì bá mẹ́ta irú rẹ̀ lórí C, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn lé ní gígábáìtì 20. Ó tẹjú mọ́ ọjọ́ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ní, “Ọjọ́ tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ nìyí, nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìyàwó yẹn.” Ẹ pa Photoshop ná, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ %temp% sínú àlàfo tí ó bá jáde, kí ẹ sì tẹ Enter. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Photoshop Temp ni kí ẹ pa rẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé scratch disk lọ sí D, orí D ni kí ẹ ti máa wá wọn.

Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ fẹ́ gé etí àwòrán ni ọ̀rọ̀ náà máa ń jáde, ẹ wo òkè níbi tí a ń kọ ìwọ̀n sí. Ẹni tí ó fẹ́ pixel (àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán) 600 sí 900, tí ó sì kọ ọ́ síbi tí a ti yan inches ní pixel 300 fún inch kan, ti ní kí Photoshop ṣe àwòrán tí ó fẹ̀ ní pixel 180,000, tí ó sì ga ní 270,000. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò lé ní gígábáìtì 145 kí a tó fi ohunkóhun kún un, kò sì sí ẹní tí yóò gbà á. Ẹ yí inches padà sí pixels, ó tán. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò tíì yá.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. RAM kọ̀ǹpútà alágbèéká mi jẹ́ gígábáìtì 8. Bí mo bá ń ṣe ìwé ìkéde tí fọ́tò pọ̀ nínú rẹ̀, Photoshop a ní RAM kò tó. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ki fláàṣì gígábáìtì 32 bọ̀ ọ́, kí n sì sọ ọ́ di scratch disk. Ṣé ó bójú mu?

Ìdáhùn

Ire ni ọ̀rẹ́ rẹ ń fẹ́ fún ọ, ṣùgbọ́n má ṣe é. Fláàṣì kì í yára tó díìsìkì inú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì tò lọ́nà FAT32, tí kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá ju gígábáìtì 4 lọ. Bí ẹnìkan bá sì ṣèèṣì fà á yọ nígbà tí o ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ náà lè bá a lọ.

Gígábáìtì 8 ni Adobe, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe Photoshop, sọ pé RAM kò gbọdọ̀ dín sí, 16 ni wọ́n sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí a ní, nítorí náà etí bèbè ni o dúró sí. Fọ́tò tí ó fẹ̀ ní pixel 6000, tí ó sì ga ní 4000, lè má ju mẹ́gábáìtì 10 lọ nínú fódà rẹ, nítorí pé JPEG, irú fáìlì tí a fi ń tọ́jú fọ́tò, ti ká a jọ bí aṣọ inú àpótí. Bí o bá ti ṣí i, a ó tú u sílẹ̀: pixel mílíọ̀nù 24, báìtì 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́gábáìtì 72, bí o bá sì ń ṣiṣẹ́ ní 16 bit, tí ó ń gba báìtì 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò 3 ti 8 bit, ó di 144. Bí o bá to irú rẹ̀ mẹ́wàá lé ara wọn ní layer mẹ́wàá, o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Dín fọ́tò kọ̀ọ̀kan kù sí ìwọ̀n tí ìwé ìkéde náà nílò kí o tó gbé e wọlé, kí o sì fi iṣẹ́ sí 8 bit.

Lẹ́yìn náà, ṣí Performance nínú Preferences. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún RAM tí ó wà nílẹ̀ ni a sábà máa ń bá níbẹ̀ pé Photoshop lè lò. O lè fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n má gbé e dé 100, nítorí Windows náà ní láti mí. Dín History States kù láti 50 sí 20, nítorí gbogbo ìgbésẹ̀ tí Photoshop ń rántí fún ọ ni ó ń gba àyè. Purge tí ó wà lábẹ́ Edit náà ń tú àyè sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ti lò ó tán, o kò ní lè padà sí ìgbésẹ̀ àtẹ̀yìnwá mọ́, nítorí náà tọ́jú iṣẹ́ rẹ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Pa íntánẹ́ẹ̀tì tí o ṣí ojú ewé púpọ̀ sí. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán, tẹ ọfà kékeré tí ó wà níbẹ̀, kí o yan Efficiency: bí nọ́ńbà náà bá sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní 100, Photoshop ti kúrò lórí tábìlì, orí ẹní ni ó wà.

Ìbéèrè láti Ìjerò-Èkìtì

GIMP, ètò mìíràn tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ni mò ń lò ní tèmi nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣé irú ìṣòro yìí wà níbẹ̀, níbo ni mo sì ti lè tún un ṣe?

Ìdáhùn

Ó wà níbẹ̀. Nínú Preferences, ṣí System Resources, níbi tí Tile cache size wà. Iye RAM tí GIMP lè lò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ lọ sórí díìsìkì nìyẹn. Bí RAM rẹ bá jẹ́ gígábáìtì 8, fi í sí 4, kí ìyókù wà fún kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ Folders, ìwọ yóò rí Swap folder, ibi tí GIMP ń kó iṣẹ́ tí RAM kò gbà sí: díìsìkì inú kọ̀ǹpútà tí ó ní àyè jù ni kí o darí rẹ̀ sí.