Bíà Yìí Korò: Ṣé Ó Ti Bàjẹ́ Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Ọkọ àbúrò mi gbé bíà kan tí wọ́n ń pè ní Arrogant Bastard wá fún mi. Mo jẹ́ kó tutù dáadáa nínú fìríìjì, mo ṣí i, mo gbé ìgò sẹ́nu bí mo ṣe máa ń mu Star. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀! Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Báwo lẹ̀yin tí ẹ máa ń fún ọtí ní máàkì ṣe ń mọ èyí tó dáa?
— Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, kò bàjẹ́. Láti 1997 tí Stone Brewing ní Kalifóníà ti ń pọn ọ́n ló ti korò báyẹn. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára ìgò pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó rà á má fẹ́ràn rẹ̀. Òtútù àti ẹnu ìgò ló fi adùn rẹ̀ pa mọ́ fún yín. Irú bíà tí wọ́n ń pè ní lager ni Star, inú òtútù ni ìwúkàrà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, títutù náà la sì ń mu ún. Irú tí wọ́n ń pè ní ale ni tiyín, ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ló ti ń wú. Tó bá tutù jù, òórùn rẹ̀ àti adùn malt, ìyẹn ọkà tí wọ́n mú hù kí wọ́n tó fi pọn bíà, á wábi sá sí, kíkorò nìkan lẹnu á máa mọ̀.

Ẹ gbé ìgò mìíràn jáde kúrò nínú fìríìjì, kó tó bíi 10 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ dà á sínú ife tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Imú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sí i, torí òórùn kì í dúró de èèyàn: hops, òdòdó tó ń mú bíà korò, á gbé òórùn oje igi àti èèpo ọsàn wá, ṣúgà jíjóná á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo bó ṣe pupa rúsúrúsú. Kẹ́ ẹ wá mu ún, kẹ́ ẹ sì gbé e mì. Àwa tí à ń dá bíà lẹ́jọ́ kì í tu ú dànù, torí ọ̀nà ọ̀fun la ti ń mọ bí kíkorò rẹ̀ ṣe gùn tó.

Nínú 50 máàkì tó wà lórí ìwé BJCP, ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí àwọn tó ń dá bíà lẹ́jọ́, 20 ni ti adùn ẹnu, 12 ni ti òórùn, àwọ̀ àti ìfófó kò ju 3 lọ. Èmi ò ní gé máàkì rẹ̀ nítorí pé ó korò. Ohun tí mò ń wá ni bóyá adùn malt á padà wá bá kíkorò náà lẹ́nu. Bí kò bá padà wá, mo máa gé e gan-an. Ọtí inú rẹ̀, ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún, gbọ́dọ̀ móoru lọ́fun; kò gbọdọ̀ jó ni.

Èyí tó bàjẹ́ ń rùn bíi páálí tí omi rin. Ooru ló sábà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ bi ọkọ àbúrò yín bóyá ó gbé e sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án Houston yẹn. Ẹ fi súyà mu ún, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín ata rẹ̀ kù, torí ata máa ń jẹ́ kí irú ọtí yìí ta ní ọ̀fun.