Ṣé àyẹ̀wò EEG (èyí tó ń wọn ìgbì iná mànàmáná inú ọpọlọ) lè sọ bóyá ẹni tó wà nínú kóòmà yóò jí?

Ó lè tọ́ka sí i, pàápàá lẹ́yìn tí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀ tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti fi dájọ́. Bí ìgbì ọpọlọ bá ti ń lọ geere láìdá láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, àmì rere ni. Bó bá kọjá wákàtí 24 tí ìlà tó ń ṣàfihàn ìgbì náà ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò tó 10 microvolt (ìwọ̀n iná mànàmáná tó kéré gan-an), ìrètí kò pọ̀. Olùṣàyẹ̀wò á tún pàtẹ́wọ́ sétí aláìsàn, á pè é lórúkọ, á tẹ èékánná rẹ̀ dáadáa, á wá wò ó bóyá ìgbì náà yí padà.

Oògùn oorun bíi propofol àti midazolam ló máa ń ṣini lọ́nà jù: wọ́n lè mú kí ọpọlọ tó ṣì dára dà bí èyí tó ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń dúró di wákàtí 72 ó kéré tán, tí wọ́n sì ń fi àyẹ̀wò ẹyinjú, ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán ọpọlọ kún un.