Kí ni ìtumọ̀ «Treue der Union» tó wà lára òkúta Comfort?

Ẹnìkan bi mí bóyá «Ìgbàgbọ́ nínú Ìṣọ̀kan» ni ìtumọ̀ èdè Jámánì tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ìrántí kan ní ìlú Comfort, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an.

Glaube ni ará Jámánì ń pe ìgbàgbọ́. Treue ni kí èèyàn má dalẹ̀. Níbi tí Bíbélì tiwa ti ní ká ṣe olóòótọ́ dé ojú ikú, nínú Ìfihàn orí 2, «getreu» ló wà nínú tiwọn, ọmọ ìyá Treue ni. «Ìṣòótọ́ sí Union» ni ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ìjọba Amẹ́ríkà tí Lincoln ń darí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Jámánì ibẹ̀ kì í ṣe onísìn rárá.

Àgbẹ̀ àti olùsìn màlúù ni wọ́n, ní ìpẹ̀kun ibi tí àwọn òyìnbó tẹ̀dó sí nígbà náà. Ní 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ìjọba Gúúsù tó yapa kúrò lára Union, tí Texas wà lábẹ́ rẹ̀, fi òfin mú ọkùnrin wọṣẹ́ ológun. Àwọn kan tí wọ́n lé ní 60 kọ̀, wọ́n gun ẹṣin, ó di Mẹ́síkò. Wọ́n sùn sí etí odò Nueces. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní August 10, ọmọ ogun Gúúsù ti dé bá wọn. Bí 19 kú sójú ìjà. Àwọn 9 tó gbọgbẹ́, tí wọn ò lè sá, wọ́n yìnbọn pa wọ́n lẹ́yìn tí ìjà ti parí. Ẹnu mi kì í gba ibẹ̀ sọ.

Wọn ò sin wọ́n. Ọdún mẹ́ta ni egungun wọn fi wà nínú òjò àti oòrùn, kò sí bí àwọn ará ilé ṣe lè lọ kó wọn títí ogun fi tán ní 1865. Ìgbà yẹn ni wọ́n lọ, wọ́n ṣa egungun sínú àpò, wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì sin gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá mọ bí òkú tí a kò rí sin ṣe ń dun ẹbí nílẹ̀ wa yóò mọ ìrìn àjò tí wọ́n rìn. Ní 1866 ni wọ́n gbé òkúta náà dúró lé wọn lórí.

Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n ya orúkọ àwọn tó ṣubú lójú ìjà sọ́tọ̀. Sókè orúkọ àwọn mìíràn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ni «gefangen genommen und ermordet»: wọ́n mú wọn, wọ́n sì pa wọ́n.